Ọ̀pá Eléwé Iwájú Ilé Sabina

Ní Haslow, kò sí obìnrin tó mọ ọtí pọn tó Sabina. Àwọn apọntí ẹgbẹ́ rẹ̀ pàápàá gbà bẹ́ẹ̀, àmọ́ èébú ni wọ́n máa ń fi gbà á. Wọ́n ní ẹnu rẹ̀ mú jù. Wọ́n ní omi odò ló ń lò, nítorí kò fẹ́ bá ẹnikẹ́ni pàdé nídìí kànga. Wọ́n ní Hamo ọkọ rẹ̀, àjèjì tó da àgùntàn wá láti àbàtà etí òkun ni, kò sì sẹ́ni tó mọ ilé tí wọ́n bí i sí. Bí wọ́n bá sọ ọ́ tán, wọ́n á gbé ìṣà wọn, wọ́n á lọ rà nínú ọtí náà.

Ọ̀dọ̀ ìyá rẹ̀ ló ti kọ́ iṣẹ́ náà. Àgbá tí ìyá rẹ̀ fi pọntí náà ló jogún, pẹ̀lú ẹ̀yìn ríro tó máa ń bá àgbá náà rìn. Ọkà báálì ni wọ́n ń rẹ sómi títí yóò fi hù. Wọn a sá a, wọn a lọ̀ ọ́, wọn a pò ó mọ́ omi gbígbóná. Ọtí tó ń tibẹ̀ jáde nípọn, ó dùn, ó ń yó èèyàn bí oúnjẹ, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kan ó ti kan. Ìdí nìyẹn tí apọntí kò fi lè sọ pé òun á kọ́kọ́ wojú ọjọ́ ná kóun tó tajà.

Òfin sì wà. Obìnrin kò gbọdọ̀ ta ife kan kí atọ́tíwò ìlú tó tọ́ ọ wò. Bí ọtí bá ti jinná, a ó na ọ̀pá gígùn kan jáde láti abẹ́ òrùlé, a ó di ewé tútù mọ́ orí rẹ̀. Bí atọ́tíwò bá ti rí ewé náà lókèèrè, yóò mọ̀ pé iṣẹ́ ń pe òun. Ẹni tí kò bá gbé ewé síta yóò san ìtanràn. Ẹni tó gbé ewé síta tí ọtí rẹ̀ kò dára yóò san ìtanràn. Ẹni tó gbé ewé síta tí ọtí rẹ̀ sì dára yóò san díẹ̀ náà, kó má baà máa rò pé òun sàn ju àwọn yòókù lọ.

Osbert ni atọ́tíwò. Ìlú ló yàn án. Àwọn tí iṣẹ́ náà wù kò ṣeé fọkàn tán, àwọn tó ṣeé fọkàn tán kì í mutí, Osbert nìkan ló wà láàárín. Onídàájọ́ tí kì í kánjú ni. Ife àkọ́kọ́, ó fi ń kí ọtí náà ni. Ìkejì ló fi ń bi í léèrè ọ̀rọ̀. Ó dìgbà ìkẹta kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ èsì, bí èsì náà bá sì ta kókó, ẹjọ́ á sún síwájú. Òun náà ló gbé Mabel, ọmọ Sabina, lọ́wọ́ níbi omi ìsàmì, èyí sì ju ọ̀rẹ́ lọ lọ́dọ̀ tiwa. Ìbátan ni, bí ẹ̀jẹ̀. Láti ọjọ́ náà ni Sabina kò ti dárúkọ rẹ̀ mọ́. Bàbá Ìsàmì ló ń pè é. Òun náà a máa pe Sabina ní ọmọ mi, pàápàá bó bá kù díẹ̀ kó béèrè ife kẹrin.

Hamo ní tirẹ̀ kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Sabina a máa sọ pé àwọn méjèèjì pín ọ̀rọ̀ ilé dọ́gba: òun ń sọ ọ́, ọkọ òun ń gbọ́ ọ. Nígbà tí Hamo gé igi tó tọ́ gbọnran láti fi ṣe ọ̀pá ọtí fún un, ó fi irin gbígbóná jó àmì kan sí ìdí rẹ̀, àmì bí ìwọ̀ ẹja, èyí tó ti ń fi ọ̀dà sí ara àgùntàn láti ìgbà tó wà ní àbàtà.

"Ta ló fẹ́ jí ọ̀pá?" Sabina bi í.

"Ẹni tó jí àkàbà wa."

"Wọn ò jí i. Wọ́n yá a ni."

"Láti Kérésì?"

Báyìí ni gbogbo Haslow ṣe mọ ọ̀pá náà. Bí wọ́n bá rí i nínú igbó, wọ́n mọ ilé tó ti wá.

Ọdún tí owó orí ẹlẹ́ẹ̀kẹta dé ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀. A kò tíì kùn tán lórí èkejì. Àwọn abúlé etí odò ló kọ́kọ́ dìde. Wọ́n lé àwọn agbowó orí, wọ́n wá ń lọ láti ilé Onílẹ̀ kan, ìjòyè tó ni ilẹ̀ abúlé àti àwọn tó ń ro ó, sí òmíràn, wọ́n ń dáná sun àwọn awọ ẹran tí wọ́n kọ orúkọ àwọn baba ńlá wọn sí gẹ́gẹ́ bí ẹrú ilẹ̀. Ìròyìn dé Haslow nígbà tí ọtí Sabina ń hó lọ́wọ́ nínú àgbá. Ọtí àjọ̀dún Ara Kristi ni, èyí tó máa ń pọ̀ jù lọ́dún. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́ ní ọjọ́ tó ṣáájú àjọ̀dún, ó ti jinná.

Hamo dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wo ojú pópó.

"Má jẹ́ ká gbé ewé síta lónìí," ó ní.

"Kí n wá fi ọtí wẹ̀?"

"Títí ariwo yìí á fi kọjá."

"Ariwo lè dúró, ọtí ò lè dúró. Tí mo bá tà á láìgbéwé, wọ́n á ní mò ń tajà níkọ̀kọ̀. Tí mi ò bá tà á, á kan. Èwo nínú ẹ̀ lo fẹ́ kí n jẹ? Gbé ọ̀pá yẹn síta, jàre, kó o máa lọ síbi iṣẹ́ ẹ."

Hamo ló máa ń gbé e, nítorí Sabina kúrú, ọwọ́ rẹ̀ kò tó òrùlé. Ó gbé e. Ó di ewé mọ́ ọn dáadáa, ó mú dòjé gígùn rẹ̀, ó forí lé pápá ìsàlẹ̀ odò láti lọ gé koríko Onílẹ̀, torí ọjọ́ iṣẹ́ ọ̀ranyàn rẹ̀ ló bọ́ sí. Ní ọjọ́ tí gbogbo ilẹ̀ náà da iṣẹ́ Onílẹ̀ sílẹ̀, ará àbàtà yìí nìkan ló lọ ṣe é. Kò sẹ́ni tó rí i níbẹ̀ àfi ẹyẹ.

Osbert rí ewé, ó wá. Ó ti kí ọtí náà, ó ti bi í léèrè ọ̀rọ̀, ó ń gbọ́ èsì lọ́wọ́ ni ogunlọ́gọ̀ yọ láti ọ̀nà odò. Àwọn kan mú ọrun àti ọfà, àwọn kan mú àáké, ẹnì kan mú idà tó ti dípẹtà wọnú àkọ̀ débi pé wọn kò lè yọ ọ́. Àwọn èèyàn Haslow ti dà mọ́ wọn. Wọ́n rí ewé, wọ́n dúró. Ọ̀nà jìn, oòrùn mú, ewé kì í sì í parọ́. Wọ́n mu ọtí náà dé ìdajì àgbá, àwọn púpọ̀ sì sanwó, èyí tó ya Sabina lẹ́nu ju ìṣọ̀tẹ̀ lọ.

Ẹnì kan wá pariwo pé kí atọ́tíwò dá ẹjọ́ kí wọ́n tó lọ. Osbert dìde. Ó ní ọtí náà dára. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un. Láti ìgbà tó ti ń ṣe iṣẹ́ náà, kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́ fún Osbert rí. Ìtanràn ni iṣẹ́ rẹ̀ ń kó bá èèyàn. Ìpàtẹ́wọ́ náà gùn ún ju ọtí lọ. Nígbà tí wọ́n ní àwọn ń lọ sílé Onílẹ̀, tí wọ́n sì ń wá nǹkan tí wọn yóò gbé ṣáájú bí àsíá, Osbert na ọwọ́, ó fa ọ̀pá eléwé yọ lábẹ́ òrùlé. Ó ní bí ẹnikẹ́ni bá ní àṣẹ lórí ewé ní Haslow, òun ni. Ó gbé e lé èjìká, ó bọ́ síwájú, gbogbo wọn tẹ̀ lé e. Sabina dúró lẹ́nu ọ̀nà, ó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Kò tún rẹ́rìn-ín bẹ́ẹ̀ mọ́ láyé rẹ̀.

Hamo dé nírọ̀lẹ́, koríko kún irun orí rẹ̀. Ó wo abẹ́ òrùlé, ó ní, "Wọ́n ti yá a." Sabina ní Bàbá Ìsàmì á dá a padà.

Bàbá Ìsàmì kò dá a padà. Àgbàlá Onílẹ̀ ló jù ú sí, lẹ́bàá eérú àwọn awọ tí wọ́n sun, ìríjú Onílẹ̀ ló sì rí i níbẹ̀ nígbà tó jáde láti inú ilé ẹyẹlé tó sá pamọ́ sí.

Ó wá di pé ọba ọmọdé, tó ti fún àwọn èèyàn ní ìwé òmìnira, gba ìwé rẹ̀ padà. Àwọn adájọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í yí ilẹ̀ náà ká. Wọ́n ní kí Haslow yan ọkùnrin méjìlá olóòótọ́ tí kò bá àwọn ọlọ̀tẹ̀ lọ, kí wọ́n búra, kí wọ́n sì dárúkọ àwọn tó lọ. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé bí wọ́n bá fẹ́ ọkùnrin méjìlá ní Haslow tí kò lọ, inú ìtẹ́ òkú ni wọ́n á ti ṣà wọ́n. Nítorí náà wọ́n yan àwọn tó wà láàyè. Osbert wà lára wọn.

Àwọn méjìlá náà jókòó, ojú ń ti olúkúlùkù láti wo ẹnì kejì. Ta ni wọn ì bá dárúkọ? Àbúrò eléyìí ni, àna tọ̀hún ni, ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ lórí ìjókòó ni. Ìríjú wá gbé ọ̀pá kan jáde, ó fi ìdí rẹ̀ hàn wọ́n. Ó béèrè pé àmì ta nìyí. Ara tu gbogbo wọn. Wọ́n ní àmì Hamo ni. Wọn kò parọ́. Hamo kò ní àbúrò ní Haslow, kò ní bàbá, kò ní ẹni tó máa bi wọ́n léèrè lọ́jà. Wọ́n wá mú un nídìí àgùntàn, wọ́n sì dè é lọ sí ìlú ńlá tí adájọ́ wà. Ẹ̀sùn tí wọ́n fi kàn án ni pé ó gbé àsíá dìde sí ọba. Ikú ni ìyà rẹ̀.

Ní ọjọ́ kejì Sabina lọ bá Osbert. Ó bá a lórí àpótí níwájú ilé, ó ń bó ẹ̀wà tútù sínú abọ́.

"Bàbá Ìsàmì, ẹ kú iṣẹ́."

"Ọmọ mi." Kò gbójú sókè. "Ẹ̀wà ọdún yìí ò lọ́mọ nínú."

"Wọ́n fẹ́ yẹgi fún Hamo."

"Wọn ò tíì gbọ́ ẹjọ́."

"Ẹ̀yin lẹ gbé ọ̀pá yẹn."

Osbert wo ẹ̀yìn, bí ẹni pé ẹlòmíràn kan ló dúró síbẹ̀ tí obìnrin náà ń bá wí. "Ọtí ló gbé e," ó ní.

"Ọtí mi ni, mo mọ agbára ẹ̀. Kò lọ́wọ́."

Osbert bó ẹ̀wà kan, kò sí nǹkan nínú rẹ̀, ó sì ń bó o lọ bẹ́ẹ̀.

Sabina kúnlẹ̀. Ẹnu rẹ̀ tó mú, tí gbogbo ìlú ń bẹ̀rù, ó ká a mọ́lẹ̀ bí aṣọ. Ó ṣàlàyé pé òun kò wá láti fi í sùn. Òun kò ní dárúkọ rẹ̀ níwájú ẹnikẹ́ni, òun fi Mabel búra. Ohun kan ṣoṣo lòun ń fẹ́.

"Ẹ sáà sọ fún adájọ́ pé ọ̀pá ọtí ni. Pé òfin ló ní ká máa gbé e síta. Ta ni wọ́n máa gbà gbọ́ lórí ewé tí wọn ò bá gba atọ́tíwò gbọ́?"

"Ìyẹn nìkan?"

"Ìyẹn nìkan."

"Ìyẹn ò ṣòro," Osbert wí, ohùn rẹ̀ sì jọ ti ẹni tí ìdè tú lára rẹ̀. "Màá sọ ọ́. Mo fi omi tí mo gbé ọmọ ẹ lé lórí búra. Dìde, ọmọ mi, ilẹ̀ tutù."

Ó da ẹ̀wà tó bó sí etí aṣọ rẹ̀ pé kó lọ sè é fún Mabel. Sabina gbà á. Lọ́nà, ó ń sọ fún ara rẹ̀ pé òun ló ní kí Hamo gbé ọ̀pá síta, òun náà ló sì máa gbé e wọlé padà.

Gbọ̀ngàn ìdájọ́ kún, eṣinṣin pọ̀. Èdè Faransé ni adájọ́ ń sọ, ògbufọ̀ kan tí imú rẹ̀ ń ṣomi ló ń túmọ̀ rẹ̀ fún àwọn tí ọ̀rọ̀ kàn. Wọ́n kó ọ̀pọ̀ èèyàn wá lọ́jọ́ náà, oòrùn sì ń lọ. Wọ́n gbé Hamo síwájú. Ó ti rù. Wọ́n gbé ọ̀pá náà sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ewé orí rẹ̀ ti gbẹ, ó ń já bọ́ sílẹ̀.

Wọ́n béèrè ibi tó wà lọ́jọ́ náà. Hamo ní òun ń gé koríko ní pápá ìsàlẹ̀ odò.

"Koríko ta ni?"

"Ti Onílẹ̀."

Gbogbo gbọ̀ngàn bú sẹ́rìn-ín. Adájọ́ pàápàá rẹ́rìn-ín nígbà tí ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀ fún un. Irọ́ púpọ̀ ló ti gbọ́ láti àárọ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó tíì gbójú débi tó fi sọ pé iṣẹ́ Onílẹ̀ lòun ń ṣe.

Wọ́n kọjú sí àwọn méjìlá. Osbert dìde. Sabina rí i tó dìde, ọkàn rẹ̀ sì gbéra pẹ̀lú rẹ̀.

"Olúwa mi," Osbert wí, "àsíá kọ́. Ọ̀pá ọtí ni. Àwọn apọntí ló ń gbé e síta, kí n lè wá tọ́ ọ wò."

Ògbufọ̀ túmọ̀ rẹ̀. Adájọ́ mi orí díẹ̀díẹ̀ bí ẹni tí ọ̀rọ̀ náà tẹ́ lọ́rùn. Ó ní ó dára bẹ́ẹ̀. Ṣé ọtí wà nílé náà lọ́jọ́ yẹn?

"Ó wà, olúwa mi."

Ṣé àwọn ọlọ̀tẹ̀ mu nínú rẹ̀?

"Wọ́n mu."

Báwo ni ọ̀pá náà ṣe wá dé àgbàlá Onílẹ̀? Ta ló gbé e débẹ̀?

Báyìí ni òótọ́ rí. Ìwọ̀nba lèèyàn ń fẹ́ lò nínú rẹ̀, àmọ́ ìkíní a máa fa ìkejì lọ́wọ́ wọlé. Osbert wo ọ̀pá náà. Ó wo àwọn mọ́kànlá yòókù, wọ́n ń wo bàtà wọn. Ó wo Sabina. Sabina ti fi Mabel búra pé òun kò ní dárúkọ, ó sì rò pé ọkùnrin náà á dárúkọ ara rẹ̀. Ó ń dúró dè é, bí a ti ń dúró de ẹni tí a ti ń gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ lọ́nà.

"Mi ò mọ̀, olúwa mi," Osbert wí.

Ta ló ni ọ̀pá?

"Hamo."

Ó jókòó. Adájọ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní ohun tó wà níwájú òun láàárọ̀ kò ju pé ọkùnrin yìí gbé àsíá lọ. Nísinsìnyí ó ti hàn nípa ẹnu olóòótọ́ pé ó pọntí fún àwọn ọlọ̀tẹ̀ pẹ̀lú, ó sì fi ewé pè wọ́n wá mu ún.

Nígbà náà ni Sabina sọ̀rọ̀. Kò pariwo. Ó ní Osbert ló gbé ọ̀pá náà, òun fi ojú òun rí i, ìdajì àwọn tó jókòó síbẹ̀ yẹn ló sì tẹ̀ lé e. Ó sọ gbogbo rẹ̀ tán pátápátá, kò ku nǹkan kan. Adájọ́ béèrè ohun tí obìnrin náà ń sọ. Ògbufọ̀ nu imú rẹ̀.

"Ìyàwó ẹ̀ ni, olúwa mi."

Adájọ́ ní, "Áà." Wọ́n pe orúkọ ẹni tó kàn.

Wọ́n jẹ́ kí Sabina dúró ti Hamo díẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà kí wọ́n tó mú un lọ. Hamo ló kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.

"Báálì tó o rẹ sílẹ̀ ńkọ́?"

"Ó wà níbẹ̀."

"Á ti hù. Lọ sá a, kó má bà jẹ́."

"Èmi ni mo ní kó o gbé e síta, Hamo."

"Ọwọ́ ẹ ò tó òrùlé ni," ó ní.

Wọ́n yẹgi fún un kí oòrùn tó wọ̀. Nígbà tí Sabina padà délé, báálì náà ti hù jù, ó ti bu funfun, ó dà á fún ẹlẹ́dẹ̀.

Títí wọ́n fi kórè kò pọntí. Ṣùgbọ́n Mabel ń jẹun, ilé tí obìnrin kan ṣoṣo wà kò sì lè máa jẹ ìbànújẹ́. Nígbà tí àjọ̀dún Máíkẹ́lì Mímọ́ ń bọ̀, ó rẹ báálì, ó sá a, ó lọ̀ ọ́. Ọtí jinná. Kò ní ọ̀pá. Èyí tó ní wà lọ́dọ̀ ọba. Ó yá ọ̀kan lọ́wọ́ obìnrin kan tó ti máa ń bú u tẹ́lẹ̀, tí kò bú u mọ́, èyí sì dùn ún ju èébú lọ. Ó gbé àpótí síta, ó gun orí rẹ̀, ó fi ara rẹ̀ na ọ̀pá jáde láti abẹ́ òrùlé. Ó di ewé mọ́ ọn. Ó wọlé lọ jókòó.

Osbert pẹ́ kó tó dé. Òfin kò fún un ní àyè láti má wá, gẹ́gẹ́ bí kò ti fún Sabina láti má pè é. Ó jókòó sórí ìjókòó tó ti máa ń jókòó. Kò pe ẹnikẹ́ni ní ọmọ mi. Sabina bu ife kan, ó gbé e síwájú rẹ̀. Ó mu ún. Kò béèrè ìkejì.

"Ó dára," ó ní, ohùn rẹ̀ wà nísàlẹ̀.

Àwọn oníbàárà ti dúró síta pẹ̀lú ìṣà wọn. Mẹ́ta nínú àwọn méjìlá wà láàárín wọn.

"Ẹ sọ ọ́ sókè, Bàbá Ìsàmì," Sabina wí. "Wọn ò gbọ́."

"Ó dára."

"Wọn ò gbọ́."

Osbert dìde, ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó sọ ọ́ fún gbogbo ayé gbọ́ pé ọtí Sabina dára. Ohùn rẹ̀ já ní ìdajì ọ̀nà. Kò sẹ́ni tó pàtẹ́wọ́. Ó yára jáde, orí rẹ̀ gbá ọ̀pá, ewé mì, ó na ọwọ́ mú un kó má baà já bọ́.

"Ẹ rọra fọwọ́ kàn án," Sabina wí fún un. "Mo yá a ni."

Ó sì yí padà, ó bẹ̀rẹ̀ sí í bu ọtí fún àwọn tó wà níwájú.